Ta Ló Pè É Ní Pàǹtí?

Mo kí ẹni tó rẹ́rìn-ín, mo sì kí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rántí ìjókòó ẹgbẹ́ wa tó kẹ́yìn, nígbà tó kàn mí láti ka tèmi? Àwọn tó ṣáájú mi ka ewì ìfẹ́, wọ́n ka ewì lórí àwọn olóṣèlú tó ń jẹ wá run, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi dìde, mo ń ka ohun tí mo kọ nípa alùpùpù àtijọ́ kan, Honda CB750. Mi ò tíì ka ìlà kẹrin tí ẹnì kan fi pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbà wá o, ó ń ki ọ̀kadà!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá ń kọjá níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn kan á máa pè mí pé, "Ọ̀kadà, gbé mi dé géètì!"

Ó dára. Ẹ̀rín kì í pa èèyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tí mo ti ń jẹ wọ́n lẹ́nu bí ẹran gbígbẹ. Èkíní ni pé ọ̀kadà ni gbogbo alùpùpù, kò sí èyí tó yàtọ̀ nínú wọn. Èkejì ni pé irin lásán ni, òǹkọ̀wé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí irin. Ẹ̀kẹta, èyí tó dùn mí jù, ni pé nǹkan àjèjì ni, pé ẹrú ni ẹni tó bá ń yin ohun tí a kò fọwọ́ ara wa ṣe. Mo fẹ́ dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé yìí wé gúgúrú kí ẹ tó kà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni alùpùpù yẹn. Ọdún 1977 ló fi ọkọ̀ ojú omi kó o wálé, nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n. Àwa ọmọdé kì í dá orúkọ rẹ̀, Bàbá Oní-Honda là ń pè é. Láàárọ̀ Sátidé, á ká tápólì kúrò lórí rẹ̀, á nu táńkì, á nu sàlẹ́ńsà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, títí o fi máa rí ojú ara rẹ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, á fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì kan. Ó ní èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ta o, ṣùgbọ́n kì í lò ó. Ẹ́ńjìnnì á jí. Kì í pariwo pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀. Ohùn rẹ̀ á rọra máa hó bí omi ọkà lórí iná, tí bàbá bá wá fọwọ́ yí i, á dà bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ tuntun ya láti òkè dé ilẹ̀. Gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé Sátidé ti dé.

Bàbá Oní-Honda ti kú, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Alùpùpù náà wà lẹ́yìn ilé ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ tápólì kan náà. Ìyàwó bàbá, tí à ń pè ní Mọ́mì Àgbà, fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ilé adìyẹ. Àwọn tó máa ń ra irin gbígbó kiri ti wá wò ó. Wọ́n ní kílò làwọn máa fi wọ̀n ọ́n, bí ẹni ń ra ẹran lọ́jà. Ẹbí máa jókòó lórí rẹ̀ ní ìparí oṣù yìí, wọ́n sì ti ní kí èmi náà wá sọ tẹnu mi, torí èmi nìkan ló ń pariwo. Ẹ ti wá rí i pé kì í ṣe torí ẹ̀rín yín nìkan ni ara fi ń ta mí.

Ó yá, ẹ̀sùn kìíní. "Ọ̀kadà ni." Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá? Ọkọ̀ òfurufú ni! Ní 1983, Olóyè Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè é ní Okada Air. Nígbà tí alùpùpù akérò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nígboro, àwọn aláwàdà yá a ní orúkọ yẹn, torí pé òun náà ń fò kọjá nígbà tí mọ́tò bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àpọ́nlé ni orúkọ náà kó tó di èébú lẹ́nu yín. Èmi ò sì ní bú ọ̀kadà jàre. Ta ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì ò sí? Honda fúnra wọn dá ilé-iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 1979. Ohun tó ń bá olówó rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ ní iyì tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ bá mi bi í: ṣé torí pé ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ọ̀kadà tí à ń gùn, sílíńdà kan ló ní, 100 cc tàbí 125 cc. CB750 ní sílíńdà mẹ́rin tó tò ní ìbú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 736 cc. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní kábúrétọ̀ tirẹ̀, ó sì ní sàlẹ́ńsà tirẹ̀. Agbára tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi ti ẹṣin wọ̀n, 67 ni tirẹ̀. Jíà márùn-ún ló ní. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin lọ, síbẹ̀ ó lè sá tó 200 kìlómítà ní wákàtí kan.

Oṣù Kẹwàá 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Tokyo, ó sì dé ọjà ní 1969. Nígbà náà, ẹni tó bá ń wá alùpùpù ńlá tó ń sáré, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń wò, sọ́dọ̀ Triumph àti BSA. Àwọn náà ò sùn o. Ní 1968, wọ́n gbé Triumph Trident àti BSA Rocket 3 jáde, sílíńdà mẹ́ta ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń ta wọ́n, bíréèkì wọn sì jẹ́ dúróòmù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Honda wá dé pẹ̀lú sílíńdà mẹ́rin, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan iná sí ẹ́ńjìnnì, àti bíréèkì díìsìkì níwájú. Lọ́dún 1969 yẹn kan náà, ó gba ipò kìíní ní Bol d'Or, eré ìje oníwákàtí 24 ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1970, Dick Mann gùn ún, ó sì gba Daytona 200 ní Amẹ́ríkà. Kawasaki pàápàá, tí wọ́n ti ń ṣe 750 oní-sílíńdà mẹ́rin tiwọn ní kọ̀rọ̀, dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n rí i. Wọ́n padà lọ síbi iṣẹ́, wọn ò sì jáde títí di 1972, pẹ̀lú Z1 tó jẹ́ 903 cc. Ṣé ọ̀kadà ló ń lé àwọn akọni padà sílé lọ tún ara wọn rò báyẹn?

Ẹ̀sùn kejì. "Irin lásán ni, kò yẹ fún ewì." Háà! Ọmọ Yorùbá ló sọ èyí? Ṣebí àwa la ni ìjálá? Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ odindi ìwé lórí ìjálá ní 1966, ó sì wà ní láíbìrì fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Àwọn ọdẹ ń ki erin, wọ́n ń ki ẹfọ̀n, wọ́n ń ki igi inú igbó. Ta sì ni Ògún, tí wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ júbà? Onírin ni! Irin tí ẹ ní kò yẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ló bí àgbà nínú gbogbo ewì wa. Ẹni tó ń kéwì kì í béèrè bóyá nǹkan ń mí. Ohun tó ń béèrè ni bóyá nǹkan náà ní ìwà.

CB750 sì ní ìwà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Yoshiro Harada ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Nígbà tí iṣẹ́ dé orí bíréèkì iwájú, ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀: kí wọ́n lo dúróòmù tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí iṣẹ́ lè tètè parí, tàbí kí wọ́n lo díìsìkì, tó máa gba àsìkò àti wàhálà sí i. Wọ́n gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà, Soichiro Honda. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, díìsìkì ló mú. Ẹni tó bá ti fún èèyàn ní 200 kìlómítà ní wákàtí kan, ṣé kò yẹ kó fún un ní ohun tó máa fi dúró? Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, tó wà ní ìlú tí wọn ò dé rí, òun ni wọ́n ń rò níbi tábìlì iṣẹ́.

Ẹ tún wo ilé ẹ́ńjìnnì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà máa ń la tiwọn sí méjì ní òòró, ọ́ìlì á sì máa kán níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó ní Triumph mọ ibi tó gbé e sí lánàá, torí àmì ọ́ìlì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Honda la tiwọn ní ìbú, ọ́ìlì sì jókòó jẹ́jẹ́ sínú ilé rẹ̀. Ohun kékeré ni lójú ẹni tí kì í fọ ṣòkòtò ara rẹ̀.

Ẹ wá wo owó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 1,495 ni wọ́n ń tà á. MV Agusta ilẹ̀ Ítálì ti ṣe alùpùpù oní-sílíńdà mẹ́rin fún ojú títì ṣáájú wọn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n ṣe, owó rẹ̀ sì ga débi pé àwọn ọlọ́lá ló wà fún. Honda mú ohun tí wọ́n fi ń díje, wọ́n gbé e sí ibi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè tó. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà lójú tèmi. Kò sí ike kankan tó bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Páìpù tó ń gbé èéfín jáde náà ni ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ló ń dán. Ẹ̀yin akéwì tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ńláńlá bo ewì tí kò ní nǹkan nínú, ṣé ẹ gbọ́ mi? (Mo ń bá ara mi náà wí.)

Ẹ̀sùn kẹta. "Nǹkan àjèjì ni." Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí àjèjì náà jẹ́. Ní 1906 ni wọ́n bí Soichiro Honda sí abúlé kan nítòsí Hamamatsu ní Jàpáànì. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ń hunṣọ. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ! Bí wọ́n bá gbé ìdílé yẹn dé Ìsẹ́yìn, ta ló máa pè wọ́n ní àjèjì? Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Tokyo. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rìǹgì písítìnnì. Rìǹgì ò dára. Kò bú ayé, kò bú ìjọba. Ó rí i pé òun ò mọ irin tó, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ kọ́ nípa irin, nígbà tó ti di ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ lábẹ́. Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín nìyí: kì í jókòó ṣe ìdánwò, ó sì kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí. Ohun tí kò mọ̀ ló bá lọ. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìwé ẹ̀rí là ń lé, ìmọ̀ kàn ń tẹ̀lé wa bí ó bá ráàyè ni. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe ìdánwò o, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló tíì lọ bá ohun tí kò mọ̀ torí pé àìmọ̀ yẹn ń dùn ún?

Ní 1946, ogun ti ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Mọ́tò ò sí, epo ò sí. Honda rí ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ológun fi ń fún rédíò níná, tó kù sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń lò ó. Ó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ fi ṣe táńkì epo? Ohun tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí láti fi mú ẹsẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí ibùsùn! Pàǹtí ni gbogbo rẹ̀. Ká ní ẹ̀yìn ilé wa ló ti ṣe é, àwọn tó ń ra irin gbígbó ì bá ti gbé e sórí òṣùwọ̀n. Lọ́dún 1948, ó di ilé-iṣẹ́ Honda Motor. Lọ́dún 1961, alùpùpù wọn gba ipò kìíní dé ìkarùn-ún nínú ìdíje 125 cc àti 250 cc ní Isle of Man, lẹ́nu ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni CB750 dé. Láti orí pàǹtí dé orí CB750, ọdún 23 péré ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má yin nǹkan àjèjì, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ ni pé ká má mọ bí wọ́n ṣe rìn ín?

Mi ò sọ pé kò lábùkù. Bíréèkì iwájú tí mo ń yìn yẹn, bí òjò bá pa á, kì í tètè mú. Ṣéènì àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa ń já, bó bá sì já lórí eré, ó lè fọ́ ilé ẹ́ńjìnnì. Ó wúwo bí òkú nígbà tí èèyàn bá ń tì í. Àpá kan wà lórí orúnkún Bàbá Oní-Honda tí kò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀ dáadáa dọjọ́ ikú rẹ̀, ẹ mọ ibi tó ti gbà á. Alùpùpù ń pa èèyàn. Ẹni tó bá máa gùn ún, kó dé akoto gidi, kì í ṣe igbá tí àwọn kan fi dórí ní 2009 nígbà tí òfin akoto le. Ìfẹ́ tí kò rí àbùkù, ìfọ́jú ni.

Mi ò sì sí lẹ́yìn àwọn tó lẹ àwòrán alùpùpù mọ́ ògiri yàrá, tí wọn ò mọ ibi tí pọ́lọ́ọ̀gì wà. Àwọn yẹn àti àwọn tó pè é ní pàǹtí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan rí dídán, ó fò sókè. Èkejì rí ìpáàtà, ó yínmú. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó nínú wọn.

Mo mú bàbá mẹkáníìkì kan dé ẹ̀yìn ilé wa nígbà ìsinmi tó kọjá. Kò lọ sílé-ìwé. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sílẹ̀. Bàbá wò mí, ó ní, "Kò tíì nọ́ọ̀kì. Ó kàn sùn ni."

Mo sáré lọ sọ fún Mọ́mì Àgbà. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Irin yẹn ni orogún mi. Gbogbo Sátidé ni ọkọ mi fi ń nù ún. Mi ò rí i kó nu tábìlì oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan rí." Ẹ̀yin ará, mi ò rí èsì fọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó bá mi jiyàn lórí alùpùpù yìí, àwọn nìkan ló ní ẹjọ́ gidi lọ́wọ́. Mo sì mọ̀ pé ilé adìyẹ máa mú owó wá, alùpùpù tó ń sùn kò mú nǹkan kan wá.

Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹbí pé kí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ tápólì bí òrìṣà. Kí wọ́n kọ́ ilé adìyẹ wọn. Ohun tí mo máa bẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi kílò tà á. Kí wọ́n jẹ́ kí a tì í dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mẹkáníìkì yẹn, ó ti gbà. Kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tú u délẹ̀, kí wọ́n rí kábúrétọ̀ mẹ́rin tó ń mí pọ̀, kí wọ́n rí ibi tí wọ́n gbé là á tí ọ́ìlì fi ń dúró, kí wọ́n sì tò ó padà. Bí ó bá jí, ó jí. Bí kò bá jí, wọ́n á ti mọ ìdí tí kò fi jí. Èmi náà máa jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, torí ohun tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ ṣì pọ̀.

Ìyẹn lèmi ń pè ní ìyìn. Ẹni tó bá ní èsì, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí olóòtú, kó má kàn pariwo láti ẹ̀yìn.